Téṣàn abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tì pa ní London, àti èyí tí Old Kent Road ṣì ń retí

Ẹni tó bá ń gbé Peckham, Old Kent Road tàbí New Cross ní London á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Bakerloo line, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London, títí, pé wọ́n fẹ́ fa ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, láti Elephant & Castle gba Old Kent Road, kó kan New Cross Gate, kó sì parí sí Lewisham. Ní 2014 wọ́n bi ará ìlú, ará ìlú ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n tún bi wọ́n ní 2017, wọ́n tún bi wọ́n ní 2019, ìdáhùn ò yí padà. Nígbà tó di 2021 ìjọba wá fòfin dáàbò bo ọ̀nà tí ihò náà máa gbà, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé lójú ọ̀nà yẹn ò gbọ́dọ̀ ri ìpìlẹ̀ ẹ̀ síbi tí ọkọ̀ máa gbà. Téṣàn méjì ló máa bọ́ sí Old Kent Road fúnra ẹ̀, kódà wọ́n ti mú orúkọ fún wọn, Burgess Park àti Old Kent Road. Orúkọ ti wà nílẹ̀ o, owó tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ ni ò tíì jáde.

Mo fẹ́ ká sọ ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí táwọn èèyàn bá ti gbọ́ "kò sówó" wọ́n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò tán rárá. Téṣàn 272 ló wà lórí máàpù Underground, ìyẹn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London, ṣùgbọ́n àwọn míì wà lábẹ́ ilẹ̀ London tí ò sí lórí máàpù mọ́, ọkọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́ kò sì dúró, tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ fèrèsé láàárín Green Park àti Hyde Park Corner ẹ máa rí i tí ara ihò á ṣàdédé di ògiri bíríkì, Down Street nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣí wọn àti bí wọ́n ṣe tì wọ́n ló máa jẹ́ ká mọ irú ìṣirò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ní àdúgbò kan tó gba téṣàn kí àdúgbò míì má tó o gbà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi gbogbo ara jà fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní London ni Charles Pearson, lọ́yà ni, òun ló ń ṣe agbẹjọ́rò fún City of London, ìyẹn ìjọba àárín ìlú London. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn tálákà há mọ́ra wọn láàárín ìlú nínú yàrá tí ò ní atẹ́gùn, torí wọn ò lè máa gbé ọ̀nà jíjìn kí wọ́n sì máa fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ó ní tí ọkọ̀ ojú irin olówó pọ́ọ́kú bá wà, òṣìṣẹ́ á ráyè gbé ibi tí ara ti ń tuni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wí i kí wọ́n tó gbọ́. Oṣù kẹsàn-án 1862 ló kú, kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Metropolitan Railway ṣílẹ̀kùn, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní 1863, láti Paddington dé Farringdon, ọ̀nà tí ò ju bíi kìlómítà mẹ́fà lọ. Èèyàn bíi 38,000 ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú ló sì ń fà á o, ẹ wo èéfín nínú ihò! Nígbà tó di 1864 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ tí owó ẹ̀ fúyẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́, ohun tí Pearson fẹ́ gan-an nìyẹn, ojú ẹ̀ ni ò rí i.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ni pé wọ́n gbẹ́ títì látòkè, wọ́n mọ bíríkì, wọ́n tẹ́ irin, wọ́n wá bo títì padà. Ibi tí wọn ò bá ti rí títì gbẹ́, ilé ni wọ́n ń wó, ilé tálákà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n wó, onílé gba owó gbà-máà-bínú, ayálégbé kẹ́rù ẹ̀ ó ń lọ. Ọkọ̀ tó yẹ kó tú tálákà sílẹ̀, òrùlé tálákà ló kọ́kọ́ ṣí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a ní Old Kent Road.

Nígbà tó yá wọ́n rí i pé wọn ò lè máa tú gbogbo títì London ká, ni wọ́n bá wọ inú ilẹ̀ lọ pátápátá. Oṣù Kejìlá 1890 ni City & South London Railway bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti King William Street, nítòsí London Bridge, gba abẹ́ odò Thames, gba Elephant & Castle, dé Stockwell. Iná mànàmáná ló ń fà á, òun sì ni ihò jíjìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ọkọ̀ oníná gbà. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tó gbà o, gúúsù odò ni! Àwọn tó ń sọ pé apá gúúsù ò ṣeé gbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. King William Street yìí náà ló wá di téṣàn ihò jíjìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tì pa. Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa fi wọ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó yí ọkàn padà sí iná, torí ẹ̀ wọ́n ti gbẹ́ ibi tí ọ̀nà ti wọ téṣàn yẹn ní kọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ wọ̀ǹkùn tó sì tún dagun, ọkọ̀ oníná ń tiraka kó tó gùn ún. Ní oṣù kejì 1900 wọ́n ṣí ọ̀nà míì lọ sí Moorgate, wọ́n fi téṣàn yẹn sílẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ṣí i.

Ìdí tí gúúsù fi kéré lórí máàpù, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ. Èkíní ni ilẹ̀: apá àríwá London jókòó lórí amọ̀ tó nípọn, ó rọrùn gbẹ́, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á kọjá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó mu omi sára lẹ máa bá. Òótọ́ ni. Èkejì ni pé àwọn kọ́ńpìnnì rélùwéè orí ilẹ̀ ti gba gúúsù tipẹ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì wọ inú oko wọn, nígbà tí wọ́n fa Northern line dé Morden ní 1926 ìjà gidi ni Southern Railway gbé ko wọ́n, ìyẹn ni ò jẹ́ kó kọjá Morden. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìkejì yìí wúwo ju ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ṣòro o, owó àti agbára ló ń pinnu ibi tí wọ́n ti máa fara da ìṣòro ẹ̀.

Ní àríwá odò ńkọ́, ibẹ̀ ni owó dà sí. Charles Yerkes, oníṣòwò Amẹ́ríkà kan tó ti fi tráàmù kówó jọ ní Chicago, ló wá dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ tó fi ṣe ohun tó di Bakerloo àti Piccadilly ní 1906 pẹ̀lú ẹ̀ka Northern line tó lọ sí Hampstead ní 1907. Òun náà kú ní ìparí 1905, kò rí ìkankan. Leslie Green ló ya àwòrán àwọn téṣàn wọn, àwọn tó ní táìlì pupa rúsúrúsú níwájú tẹ́ ẹ ṣì ń rí káàkiri dòní, ọmọ ọdún 33 ló kú ní 1908. Ṣùgbọ́n ìtara ìgbà yẹn ti pọ̀ jù, wọ́n to téṣàn sún mọ́ra, ẹ jáde ní kan ẹ ti ń wo ìkejì lọ́ọ̀ọ́kán. Down Street tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, 1907 ni wọ́n ṣí i, Mayfair ni, àdúgbò àwọn ọlọ́lá, mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn ló ń gbé wọn, ta ló fẹ́ wọ lífítì lọ sábẹ́ ilẹ̀? Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa Piccadilly line gùn sí Cockfosters ní àríwá àti Hounslow ní ìwọ̀ oòrùn, ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ò lè máa dúró gbogbo ìṣẹ́jú, ni wọ́n bá ti Down Street pa ní 1932, wọ́n ti York Road nítòsí King's Cross pa lọ́dún yẹn kan náà, Brompton Road tẹ̀lé wọn ní 1934.

British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá yẹn, náà ní téṣàn tirẹ̀ láti 1900, lórí Central line. (Ilé yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wunmonije n'Ífẹ̀ ní 1938 wà títí dòní.) Wàhálà téṣàn yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọ Piccadilly line gbọ́dọ̀ jáde sí títì, kó rìn lọ sí Holborn, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àtẹ̀gùn oníná dé tí wọ́n lè fi so ọ̀nà méjì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n kó ìdúró Central line lọ sí Holborn ní oṣù kẹsàn-án 1933, wọ́n ti British Museum pa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni South Kentish Town, 1924, ìyanṣẹ́lódì ló ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná fún wọn ní Lots Road, wọ́n ti téṣàn náà fúngbà díẹ̀, iná dé padà, wọn ò ṣí i mọ́ láéláé, torí èrò tó ń wọ̀ ọ́ ò pọ̀. North End lábẹ́ Hampstead Heath tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Henrietta Barnett àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ra ilẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n má bàa kọ́lé sí i, kò sílé, kò sérò, wọn ò sì kọ́ ẹnu ọ̀nà téṣàn yẹn, ẹnikẹ́ni ò ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ rí.

Ẹ wá wo bí ogun àgbáyé kejì ṣe yí gbogbo ẹ̀ padà. Téṣàn tí wọ́n ní kò wúlò ló wá di ibi ààbò. Down Street di ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tó ń darí rélùwéè gbogbo ilẹ̀ náà, Winston Churchill fúnra ẹ̀ sùn níbẹ̀ ní 1940 nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ bí òjò. Brompton Road di ibi tí àwọn ológun ti ń darí ìbọn tó ń já bàálù. Àwọn mẹ̀kúnnù ńkọ́? Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n má sá wọ téṣàn o, wọ́n ní ti ọkọ̀ ni. Àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn ò jáde, títí apá ìjọba ò fi ká a mọ́, ní òru kan lóṣù kẹsàn-án 1940 àwọn tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ tó 177,000. Ibi táwọn tálákà ń gbé ní ìlà oòrùn London ni ìyà jẹ jù. Ní Bethnal Green, téṣàn tí wọn ò tíì kọ́ tán, èèyàn 173 ló kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1943, bọ́ǹbù kankan ò bọ́ sórí wọn, obìnrin kan ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń rọ́ lu ara wọn, àtẹ̀gùn yẹn ò nírin ìdìmú láàárín, iná kan ṣoṣo tó pọ́n bàìbàì ló wà níbẹ̀. 62 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta bó ṣe rí nígbà yẹn.

Àwa aláwọ̀ dúdú náà ní ìtàn nínú ihò yìí. Lábẹ́ téṣàn Clapham South wọ́n gbẹ́ ibi ìsádi tó jìn nígbà ogun, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Windrush gúnlẹ̀ ní oṣù kẹfà 1948, ó lé ní 200 nínú àwọn tó ti erékùṣù Caribbean wá tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa dé sọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n kó lọ sùn síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ fún wọn tó sún mọ́ ọn jù ni Coldharbour Lane ní Brixton, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Brixton di ilé fún wọn, lẹ́yìn wọn làwa náà ń dé. Victoria line ò dé Brixton títí di 1971. Lónìí, rélùwéè orí ilẹ̀ tó ń gba Peckham Rye kọjá ni wọ́n sọ lórúkọ Windrush line ní 2024, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìṣirò ìtìpa ní gbangba, Aldwych ni kó wò. Wọ́n ṣí i ní 1907 pẹ̀lú orúkọ Strand, ẹ̀ka kúkúrú kan láti Holborn ni, ẹ wọlé, ìdúró kan, ẹ bọ́lẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ère òkúta ilẹ̀ Gíríìkì tó wà ní British Museum pa mọ́ síbẹ̀ nígbà ogun. Nígbà tó máa fi di 1994 lífítì ibẹ̀ ti gbó, ó ku díẹ̀ kó pé 90 ọdún, wọ́n ní owó tí wọ́n máa fi ṣe tuntun máa tó mílíọ̀nù 3 pọ́ọ̀nù, èrò bíi 450 péré ló sì ń gbà á lójúmọ́. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 1994 ni wọ́n tì í, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti ọ̀nà Epping sí Ongar pa. Mi ò bá wọn jà lórí Aldwych o, 450 ò tó. Ìṣirò yẹn náà ni mo ní kí wọ́n gbé wá sí Old Kent Road.

Torí Old Kent Road ti ní téṣàn rí! Ti orí ilẹ̀ ni, 1866 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ kìíní ọdún 1917 ni wọ́n tì í pa láàárín ogun àgbáyé kìíní, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́wó ná. Camberwell tó wà nítòsí ti ṣáájú ẹ̀ lọ ní 1916. Ogun parí, wọn ò ṣí ìkankan nínú méjèèjì. Ní 1931 ilé aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fa Bakerloo dé Camberwell, wọn ò ṣe é, wọ́n tún gbé e dìde ní 1949, wọ́n tún pa á tì. Èyí ló fà á tí inú fi ń bí àwọn àgbà àdúgbò yẹn tí wọ́n bá tún gbọ́ pé wọ́n ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Látìgbà tí Bakerloo ti dé Elephant & Castle ní 1906, ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ wá wo Battersea. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án 2021, ọdún kan náà tí ìjọba ní àwọn ti dáàbò bo ọ̀nà Bakerloo, wọ́n ṣí téṣàn tuntun méjì lórí Northern line, Nine Elms àti Battersea Power Station, ó ná wọn tó bílíọ̀nù 1.1 pọ́ọ̀nù. Gúúsù odò nìyẹn náà, amọ̀ àti yanrìn ò dí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe rí owó ẹ̀ ni pé wọ́n yá a, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń kọ́ ilé olówó ńlá ládùúgbò náà máa dá lára ẹ̀ padà, pẹ̀lú owó orí tí ilé iṣẹ́ tuntun á máa san. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ti kó wá síbẹ̀ láti 2018. Ìyẹn ni pé èrò tí ò tíì dé ni wọ́n kọ́ téṣàn dè. Old Kent Road ńkọ́, èrò ti wà níbẹ̀, ẹ lọ dúró ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì 53 tàbí 453 nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ máa rí wọn, àwọn tó ń tọ́jú ọ́fíìsì, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ Yorùbá àti ọmọ Gánà, bọ́ọ̀sì ti kún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn ò sanwó ilé olówó ńlá, òṣìṣẹ́ tí Pearson ń wí ni wọ́n.

Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní ilé tuntun 20,000 lè jáde ní Old Kent Road, wọ́n sì fẹ́ kí Bakerloo wá torí ẹ̀. Inú mi dùn sí ọkọ̀, ẹ̀rù ilé ló ń bà mí. Àwọn wáàhòsì àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn títì yẹn ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, Kérúbù àti Séráfù, Sẹ̀lẹ́, àwọn onípẹ́ńtíkọ́sì, torí rẹ́ǹtì ibẹ̀ ṣì ṣeé san, níbẹ̀ náà ni àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé wà. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí gan-an nìyẹn. Brompton Road tí wọ́n tì pa yẹn, nígbà tí àwọn ológun máa tà á ní 2014, mílíọ̀nù 53 pọ́ọ̀nù ni, téṣàn òkú lásán, torí ibi tó wà. Tí téṣàn alààyè bá wá dé Old Kent Road, kí lẹ rò pé owó ilẹ̀ máa dà?

Ibi tí nǹkan dé nìyí. Ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ ààbò òfin. Wọ́n ń ṣe ẹnu ọ̀nà tuntun sí téṣàn Elephant & Castle níbi tí ọjà ńlá ìjọ́sí wà, wọ́n sì ti fàyè sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún Bakerloo. Àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Bakerloo, irú tọdún 1972 ni, àwọn ló dàgbà jù nínú ọkọ̀ Underground, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn bó pẹ́ bó yá. Southwark àti Lewisham ń ṣe kámpéènì pọ̀, ìjọba àpapọ̀ ò sì tíì sọ pé òun máa gbé owó sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí ìpàdé wọn, tàbí káńsẹ́lọ̀ yín kan ilẹ̀kùn láti tọrọ ìbò, ẹ béèrè ọjọ́ tí owó máa jáde, kẹ́ ẹ tún béèrè èyí mọ́ ọn: ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù tó ń háyà ilẹ̀ sí ojú ọ̀nà yẹn, ibo ni ìwé ti wà pé wọ́n máa rí àyè padà, ní rẹ́ǹtì tí agbára wọn ká, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ téṣàn tán?